Ìwé Tí A Kò Ní Gbà Padà

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan mọ́: òwe yìí ni mo gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn ènìyàn láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí ń pín ìwé fún ọmọdé láìgba kọ́bọ̀, ní ìgbèríko Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ní Ìbàràpá méje, títí dé àwọn ìlú Òkè-Ògùn tí àpáta ṣe odi fún. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì a pa á fún mi, oníṣòwò tí mo lọ tọrọ owó epo lọ́dọ̀ rẹ̀ a pa á fún mi, àní ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé a máa pa á tẹ̀rín-tẹ̀rín, a sì máa fi èkejì lé e pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ohun tí gbogbo wọn ń wí kò ju ọ̀kan lọ: pé kí a wín àwọn ọmọ náà ní ìwé kí wọ́n sì dá a padà, tàbí kí a tà á fún wọn ní owó táṣẹ́rẹ́, nítorí pé ọ̀fẹ́ a máa sọ ènìyàn di aláìmoore, a sì máa sọ ìwé di ohun tí a fi ń di ẹ̀pà. N kò ka àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tá. Òwe wọn kì í ṣe irọ́. Ibi tí wọ́n ń lò ó sí ni mo fẹ́ bá wọn yẹ̀ wò, nítorí ó pẹ́ tí mo ti ń wo ojú ọmọ tí a wín ní ìwé àti ojú ọmọ tí a fún ní ìwé, mo sì ti rí i pé ojú méjèèjì kò jọra.

Wíwín ni iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1905, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Titcomb, tí ó jẹ́ alábòójútó ilé ìkàwé ní ìlú Hagerstown, kó ìwé sínú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó sì ní kí a máa gbé e lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko wọn, nítorí ó ti mọ̀ pé ẹni tí ó jìnnà sí ìgboro kò ní fi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa wá ìwé wá sí ìlú. Àgbẹ̀ kan tí kò rí irú rẹ̀ rí ṣe bí ọkọ̀ tí ń gbé òkú ni, ó sì ní kí wọ́n máa bá tiwọn lọ, pé kò sí òkú nílé òun. Ni wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kùn ún lára kí ó lè jọ ohun alààyè. Ní tiwa níhìn-ín, ọdún 1953 ni UNESCO pe àwọn amòye jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò bí ilé ìkàwé tí tọlọ́rọ̀ tálákà lè lò yóò ṣe tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ilé ìkàwé ìjọba Ìlà-Oòrùn ní Enugu fi ní ọkọ̀ tí ń gbé ìwé lọ sí ìgbèríko. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún tọmọ tọmọ, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò tó 460,000 ní ọdún tí ó ṣáájú, sì di èyí tí ó ju 800,000 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí orí pọ̀ tí ìwé kò tó, kí ni ẹni tí ó gbọ́n yóò ṣe bí kò ṣe pé kí ó wín in, kí ó kọ orúkọ, kí ó ka ọjọ́, kí ó sì bu ìtanràn lé ẹni tí ó bá pẹ́? N kò jẹ́ dá wọn lẹ́bi. Àwọn ènìyàn ńlá ni wọ́n ru ẹrù ìwé kiri ṣáájú wa, D. O. Fágúnwà pàápàá, tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1938, ẹnu ìrìn àjò iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni ó wà nígbà tí ó bá odò lọ ní Wúyà nítòsí Bídà ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀gá àwọn òǹkọ̀wé wa kò ka gbígbé ìwé tọ ènìyàn lọ sí iṣẹ́ tí ó rẹlẹ̀ ju kíkọ ọ́ lọ.

Èmi náà, inú wíwín ni a bí mi sí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Káàdì ni a ń kọ nígbà náà, òǹtẹ̀ ni a ń lù, a sì ní àpótí kékeré kan fún owó ìtanràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ń wọ inú rẹ̀ kò lè ra táyà kẹ̀kẹ́. Mo rántí ọmọbìnrin kan ní abúlé kan lẹ́yìn Èrúwà, tí a wín ní ìwé ìtàn kan. Nígbà tí a padà dé, inú ọ̀rá ni ó gbé ìwé náà wá, kò ní àbàwọ́n, kò ní etí kíká, ó mọ́ ju bí a ti fi lé e lọ́wọ́ lọ; akọ̀wé wa yìn ín, ó sì ní kí àwọn yòókù wá wo àpẹẹrẹ. Èmi ni mo bi í léèrè ohun tí ó wà nínú ìtàn náà, ọmọ sì wolẹ̀, kò fèsì. Ìyá rẹ̀ ni ó là á yé wa pé, láti ọjọ́ tí a ti kó ohun ìjọba lé ọmọ òun lọ́wọ́ ni òun ti gbà á, tí òun fi í sí abẹ́ aṣọ òkè nínú àpótí, nítorí òun kò ní owó tí òun yóò fi dáhùn bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́.

Ọjọ́ náà ni òwe kan tí àwọn alárìíwísí mi kì í pa bẹ̀rẹ̀ sí í dún sí mi létí: ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún un lápá, a ṣo ó lọ́rùn, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni í mu. Àwọn tí ń wín ọmọ ní ìwé gbà pé ìbẹ̀rù kí ìwé má bàjẹ́ ni yóò kọ́ ọmọ ní ìtọ́jú. Ohun tí ojú mi rí ni pé ìbẹ̀rù náà ń kọ́ ọ láti jìnnà sí ìwé. Ẹni tí ó rí jájẹ lè yá ohun olóhun kí ó sì lò ó fàlàlà, nítorí ó mọ̀ pé bí ó bá bàjẹ́, apá òun ká a. Tálákà ni í gbé ohun àyálò pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wíwín, tí a ṣe kí ìwé lè kárí àwọn tí kò ní, ṣe wá di òfin tí ó rọrùn fún àwọn tí ó ní, tí ó sì ń dẹ́rù ba àwọn tí a tìtorí wọn ṣe é.

Ti ilé-ìwé tún burú ju ti àpótí ìyá yẹn lọ. A gbé páálí ìwé fún ilé-ìwé kan, a sì fi ayọ̀ padà sílé pé a ti gbìn ín sí ibi tí yóò pẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, ẹni tí n kò lè pè ní ènìyàn búburú, kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Bí àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ bá dé, a ṣí i kí wọ́n lè rí i, bí wọ́n bá lọ, a tún tì í. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, tí arọ́pò rẹ̀ já kọ́kọ́rọ́ wò, ikán ti ka gbogbo rẹ̀ tán.

Láti ìgbà tí a ti yí ọwọ́ padà, tí ó di pé ìwé tí ọmọ bá mú ti di tirẹ̀, ohun tí mo ń rí nílé wọn kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé, mo mọ àwọn ọmọdé tí àkísà wọn ju ti àgbà lọ, ohun tí mo sì fi ń yangàn nìyẹn. Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn Lánlátẹ̀ gbé ìwé rẹ̀ wá fún mi kí n rí i: èèpo ti lọ, ojú ewé mélòó kan níbẹ̀rẹ̀ ti lọ, epo pupa ti ṣe àwòrán tirẹ̀ sí àárín. Mo ní, ‘Báwo ni ẹni tí ó bá fẹ́ kà á yóò ṣe mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀?’ Ó dúró ṣánṣán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ewé tí kò sí mọ́ náà sókè fún mi láti orí, láìsí ìkọsẹ̀, títí tí ó fi kan ibi tí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń bá a gbè é, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan nínú wọn kò tíì wọ ilé-ìwé.

Ní ti ẹ̀pà àti àkàrà, n kò ní purọ́. Mo ti rí ojú ewé ìwé wa lọ́wọ́ alákàrà rí, mo ra àkàrà náà, mo sì ka ojú ewé náà lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ́ tán. Ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́lá nílùú Ìbàdàn, ibẹ̀ kan náà ni ó ń parí sí, kò sì sí ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ sọ pé kí a má ta ìwé ìròyìn fún wọn mọ́. Ilé tí a kì í ti í da nǹkan nù títí a ó fi lò ó gbẹ ni ilé àwọn ọmọ wọ̀nyí. Bí ìwé bá ti sọ ohun tí ó ní í sọ fún ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó di ewé àkàrà, kí ni a tún ń fẹ́ kí ó ṣe?

Fífúnni náà ni ó mú iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ wọlé, èyí ni kíkọ orúkọ ọmọ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ fà á kò ju pé ọmọ tí ó bá gbé ohun tuntun wọlé, ìyá rẹ̀ yóò bi í pé, ‘Níbo lo ti rí i?’ (Ilé tí a kì í ti í bèèrè bẹ́ẹ̀ ni kí a bẹ̀rù.) A wá ń kọ ọ́ sí i gàgàrà pé a fún lágbájá ni, kí ọmọ má baà jẹ ìyà olè lórí ohun tí a fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá bi wọ́n pé kí ni kí a kọ, ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bí a ti rò lọ. Àwọn kan a dárúkọ tí olùkọ́ fi ń pè wọ́n nínú rẹ́jísítà; ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a rọra wòkè wòdò, wọn a sì wí pé kí a kọ Àjàní, kí a kọ Àkànní, kí a kọ Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí ìyá àgbà fi ń kì wọ́n ní òwúrọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ní kíkọ sílẹ̀ rí. Ọmọ kan ní kí a kọ oríkì òun, kí a kọ orúkọ baba òun, kí a sì fi ti agboolé wọn lé e, títí tí ojú ewé náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní kí ẹni tí ó bá jí i lè mọ irú ènìyàn tí òun jí nǹkan rẹ̀. Ní Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, ẹnì kan nínú wa dábàá pé kí a máa fún Táíwò òun Kẹ́hìndé ní ìwé kan, nítorí orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Àwọn ẹ̀jìrẹ́ náà kọ̀ jálẹ̀. Ìwé kan náà ni wọ́n fẹ́, àmọ́ méjì ni wọ́n fẹ́ ẹ, kí ti Táíwò má sì wà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé.

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ àńjọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ ní ojú tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ ọ́n sí: ìrẹsì àti iyọ̀ ní àsìkò ìbò, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa kọ́kọ́ wọ àwọn abúlé kan, àwọn ìyá kó ọmọ wọn sá wọ inú yàrá nítorí abẹ́rẹ́, àwọn ọkùnrin sì jáde wá bi wá léèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó rán wa wá. Ọkọ̀ ìwé tí wọ́n pè ní ọkọ̀ òkú ní Maryland rí tirẹ̀, àwa náà rí tiwa. Ọ̀dà kọ́ ni ó tú wa sílẹ̀, pípadà wá ni. Ìbò kọjá, àwọn tí ń pín ìrẹsì ti wọlé, àwọn tí kò wọlé ti lọ, a tún gbé bọ́ọ̀sì dé; baálé abúlé kan wò wá pẹ̀lú àánú, ó ní, ‘Ṣé ẹ̀yin kò tíì wọlé ìbò tiyín ni?’ Nígbà tí ó di pé a dé lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i tí a kò sì bèèrè káàdì ìdìbò ẹnikẹ́ni, wọ́n fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú wèrè wa. Bí a bá wá gbọ́ òwe náà dáadáa, ṣé àwọn tí ń rọ́ gìrìgìrì wá nìkan ni ó ń bá wí? Àńjọ̀fẹ́ ni ó kú. Kí ni wọn ìbá tún wá ṣe nílé òkú? Ẹni tí ó bá fún ọmọ ní ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, tí kò sì padà mọ́, òun ni àńjọ̀fẹ́ tí ó kú, kò sì tọ́ kí ó máa bú àwọn ọmọ pé wọn kò wá mọ́.

Èyí ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn tí ń fún wa lówó. Wọ́n fẹ́ràn iye. Wọn a fẹ́ gbọ́ pé a dé ìlú báyìí, a pín ìwé báyìí, iye náà sì gbọ́dọ̀ ju ti èṣí lọ. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí epo tí kò tó 200 náírà ní lítà kan fò ré kọjá 500 láàárín oṣù méjì, a ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: kí a máa dé ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí a máa dé ibi díẹ̀ léraléra. Ibi díẹ̀ ni mo yàn, mo sì ń jìyà rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò. Bí awakọ̀ wa, tí ó mọ gbogbo kòtò tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Ìsẹ́yìn bí ẹni mọ ilà ọwọ́ rẹ̀, bá ti yà sí ojú ọ̀nà abúlé kan, tí àwọn ọmọ sì ń pè é ní bàbá oníwèé kí ó tó pa ẹ́ńjìnnì, èmi mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò sí àyè fún nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí a kún.

Ẹ̀bùn ní tirẹ̀ tún ní ẹ̀tọ́ tí ó yẹ kí a fi fún un. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò, ọ̀pọ̀ páálí tí a sì ń fi ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun, bí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ bá wò ó, kò ní fún ọmọ tirẹ̀. Mo ti tú páálí tí ìwé òfin owó orí wà nínú rẹ̀ rí, àti èyí tí ń kọ́ni ní irú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò ní nílé mọ́. Ilẹ̀ ìdọ̀tí tí wọn ìbá sanwó láti dà á sí lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n sọ bọ́ọ̀sì wa dà. Ní ti ìwé tí yìnyín wà nínú rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ kan ń bẹnu àtẹ́ lù, n kò bá wọn sọ ọ́. Ọmọ Òkèhò lè gbádùn yìnyín bí ọmọ òyìnbó ti lè gbádùn ìjàpá. Ohun tí ó burú ni kí gbogbo pẹpẹ jẹ́ yìnyín láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ọmọ má rí ibì kan tí a ti gúnyán, kí ó sì wá rò pé àwọn tí ń gbé inú ìwé kì í ṣe irú òun. Ìwé tí a tẹ̀ nílé sì wọ́n ju èyí tí a fún wa láti òkèèrè, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa ṣe bébà fún wa, ní Jẹ́bbà, ní Ìwópin àti ní Oku Iboku, ti dẹnu kọlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí òǹtẹ̀wé wa fi di ẹni tí ń fi dọ́là ra ohun tí yóò kọ Yorùbá sí.

Yorùbá náà gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ó le jù lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Àwọn òbí tí wọ́n ti ọwọ́ Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ mọ ìwé kà, tí ojú wọn a tàn bí wọ́n bá rí i lórí pẹpẹ wa, àwọn náà ni wọn a tún pariwo pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fún tèmi o.’ Mo ti fìgbà kan máa ń sọ fún wọn nípa ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọkàn rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò rí ṣe lọ́la kì í gba ìwádìí gbọ́. A kì í bá wọn jà mọ́. Ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Kí ìyá mú ọ̀kan fún ọmọ, kí ọmọ sì mú ọ̀kan fún ara rẹ̀. Ti ìyá a máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ti ọmọ, mo ti wò ó títí, èyí tí ó bá ní àwòrán tí ó dùn ún wò ni, èdè yòówù kí ó jẹ́. Nígbà tí a bá sì padà dé, ti Yorùbá ni gbogbo ilé máa ń mọ̀, nítorí òun ni a ń kà sókè tí ẹni tí ń gúnyán lẹ́yìnkùlé lè gbọ́ kí ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ Fúlàní kan ní ọ̀nà Ṣakí, tí ó gbọ́ Yorùbá ju tèmi lọ, mú ìwé Yorùbá, ó sì ń fi Fúlàní sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bí ó ti ń kà á.

Ìyá àgbà kan wà tí ó máa ń tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Òfin wa ni pé ọmọdé nìkan ni a ń fún. Ó ní fún ọmọ ọmọ òun ni. Nígbà tí ó di pé ọmọ ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà lórí ìlà kan náà tí ó sì ti gba tirẹ̀, ìyá náà ní èyí tí ó wà ní Èkó ni òun ń wí. A fún un. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n a rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ yí i ká, ó ṣí ìwé sórí itan, ó sì ń pa àlọ́ láti ara àwòrán, ìtàn tí ó dára ju èyí tí òǹkọ̀wé kọ síbẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Láti ìgbà náà ni a ti ń pa ojú dé nígbà tí àgbà bá tò.

Àwọn kan a ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, kí a lọ fi owó ìwé ra oúnjẹ fún wọn. N kò lè já òwe náà ní koro. Mo ti rí ọmọ tí ó ń gbọ̀n níwájú pẹpẹ ìwé nítorí pé kò tíì jẹun láti àná, gaàrí sì ni ó fẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ra gaàrí náà wá.

Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, àwọn ọmọ tí a ti ń fún ní ìwé láti ọdún mélòó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wín ara wọn. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọbìnrin kan tí kò tíì wọ ilé-ìwé gíga ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ rẹ̀, ẹni tí ó mú, ohun tí ó mú, ọjọ́ tí yóò dá a padà; ẹni tí ó bá pẹ́, omi garawa kan ni yóò pọn fún oníwèé. Ó lé ọmọkùnrin kan lójú mi pé kí ó lọ fọ ọwọ́ kí ó tó wá yá ìwé. Ẹlẹgbẹ́ mi tí ń pa òwe tẹ̀rín-tẹ̀rín wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn etí, ó ní ṣé mo rí i báyìí, wọ́n ti padà sí wíwín. Mo ní mo rí i. Ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọn ń wín èkejì ni èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Òun ni olóhun, òun ni ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tí ó wù ú, àpótí ìyá ẹnikẹ́ni kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò fèsì, ṣùgbọ́n òwe rẹ̀ kò tíì dópin, mo sì mọ̀ pé yóò tún pa á nígbà mìíràn.

Ọmọbìnrin náà kọ àkọsílẹ̀ kan fún wa pé kí a má tún kó àwọn ìwé wọ̀nyí wá, nítorí wọ́n ti ní i tó, ó sì fàlà sábẹ́ ọ̀kan pé apá kejì rẹ̀ ni gbogbo wọn ń fẹ́. A béèrè lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ìbàdàn: apá kejì wà, ó ti tán lórí àtẹ, bí a kò bá sì ra ẹgbẹ̀rún kan, wọn kò ní tún un tẹ̀. A ń wá ẹni tí yóò bá wa ra ìyókù.